Wíwa Yanrìn Odò àti Òkúta Wẹ́wẹ́ ní Agbègbè Àkúrẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Omi àti Ìlú

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè lemọ́lemọ́, yálà wọ́n ń gbé létí odò Ògbèsè, Àlà tàbí Ọ̀wẹnà, tàbí wọ́n ń kọ́lé lọ́wọ́ láàrin ìgboro tí wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí yanrìn tí wọ́n rà ti wá. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó díjú ló kẹ́yìn.

Kí ni wíwa yanrìn odò, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa?

Iṣẹ́ kíkó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, yálà láti ìsàlẹ̀ odò, láti bèbè rẹ̀, tàbí láti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi máa ń bò nígbà òjò, kí wọ́n lè fi mọ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi po kòńkéré, tàbí kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Àwọn kan ń fi ọwọ́ ṣe é: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wọ inú omi pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti garawa, wọ́n á kó yanrìn jọ sí etí odò kí omi ara rẹ̀ ro dànù, típà á sì wá gbé e. Níbi tí owó ńlá bá ti wọ̀ ọ́, kàtàpílà ni wọ́n ń lò, tàbí ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn pọ̀ mọ́ omi gba inú páìpù.

Kí ló dé tí àwọn kọ́lékọ́lé fi fẹ́ràn yanrìn odò ju ti orí ilẹ̀ lọ?

Omi ti fọ̀ ọ́. Amọ̀ àti ẹrẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí kòńkéré rọ kò pọ̀ nínú rẹ̀, hóró rẹ̀ sì le. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ni àìní rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan: ní ọdún 2022, àjọ UNEP tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni aráyé ń lò lọ́dọọdún, àti pé yàtọ̀ sí omi, kò sí ohun àlùmọ́nì tí a ń lò tó wọn.

Ṣé odò kì í gbé yanrìn mìíràn wá rọ́pò èyí tí wọ́n kó?

Ó ń gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ara àpáta tí òjò àti oòrùn ti jẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni yanrìn ti ń jáde, ìkún omi àkókò òjò ló sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí ohun tí típà ń gbé lọ láàrin ọdún kan bá ju ohun tí ìkún omi gbé wá lọ́dún náà, ìsàlẹ̀ odò yóò máa jìn ni, ọdún dé ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè má tètè rí i.

Ohun méjì ló máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Èkíní ni pé lẹ́yìn òjò ńlá, wọ́n á rí i pé ihò tí wọ́n wà ti dí, wọ́n á sì gbà pé odò ti san gbèsè náà. Ó ṣeé ṣe kí yanrìn tó dí ihò náà jẹ́ èyí tí omi ya láti bèbè oko ẹlòmíràn lókè odò. Èkejì ni dáàmù. Omi máa ń dúró lẹ́yìn dáàmù, yanrìn á sì rì síbẹ̀; nítorí náà, apá odò tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, bíi ti Ọ̀wẹnà, kì í rí yanrìn tuntun gbà tó bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra jù.

Kí ni ó ń ṣe omi gan-an?

Èyí tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni pé omi ń rú. Nígbà tí wọ́n bá tú ìsàlẹ̀ odò, amọ̀ tó ti rì sábẹ́ yanrìn á gbéra, á sì máa bá omi lọ. Yanrìn wúwo, ó tètè máa ń padà rì. Amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè bá omi rìn jìnnà kí ó tó balẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlú tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ń wa yanrìn nínú rẹ̀ fi lè jí láàárọ̀ kí omi rẹ̀ ti pọ́n.

Ìrú omi ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NTU. Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí omi mímu fi òpin rẹ̀ sí 5. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan. Kòkòrò àìsàn máa ń lẹ̀ mọ́ ara hóró amọ̀, ó ń fara pamọ́ síbẹ̀ fún kílórìnì tí a bá dà sínú omi, amọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú agbára kílórìnì ọ̀hún. Omi tó rú púpọ̀ tún ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ omi ná owó púpọ̀ lórí oògùn ìfọmi, àwọn asẹ́ ńlá wọn á sì máa dí.

Èkejì kì í hàn lójú: dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì tí ń jò láti ara ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Ẹ wo etí odò níbi tí ẹ̀rọ bá dúró sí ní ọjọ́ tí kò sí atẹ́gùn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè tó tẹ́ lórí omi, epo ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bíi dígí tí kò sì tètè padà so pọ̀, ó lè jẹ́ ti ewé àti irin inú ilẹ̀. Bí ó bá yí padà wá pa pọ̀ lójú ẹsẹ̀, epo ni.

Álọ́ọ̀mù ni à ń dà sínú omi náà, ó sì ń mọ́. Ṣé ó ti tó mu?

Rárá. Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ kí ó lè rì ni, kì í pa kòkòrò. Iṣẹ́ kan náà ni èso moringa tí a lọ̀ kúnná ń ṣe. Lẹ́yìn tí omi bá ti tòrò, ẹ rọra da òkè rẹ̀ sínú ohun èlò mìíràn tó mọ́, ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ fi kílórìnì sí i gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ni ara rẹ̀ ti wí. Ṣáájú kí omi tó tòrò, kílórìnì kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ó yẹ kí a sọ èyí náà kedere: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń mú dísẹ́ẹ̀lì kúrò. Omi tó bá ń rùn bí epo, ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì fi se oúnjẹ.

A kò sí létí odò. Kí ló dé tí kànga wa fi ń gbẹ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí i wa yanrìn?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, òun sì ni àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ dá lóhùn. Odò àti kànga kì í ṣe omi méjì. Lábẹ́ Àkúrẹ́ àti ìlú tó yí i ká, àpáta líle àtijọ́ ló wà. Omi tí a ń fà nínú kànga ń gbé nínú ilẹ̀ tó ti rọ̀ tó wà lórí àpáta náà, àti nínú àlàfo tó wà lára àpáta fúnra rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò rọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ló ń rọra ṣàn wọ inú odò, òun ni kì í jẹ́ kí odò gbẹ.

Bí wọ́n bá wá gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò jìn, omi odò á sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele tuntun, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì máa ṣàn tẹ̀ lé e títí òun náà á fi sọ̀. Kànga tí kò jìn, tó sì sún mọ́ odò, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, lẹ́yìn náà ni yóò kan èyí tó jìnnà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni ta yanrìn fi lè jí lóṣù kejì kí garawa rẹ̀ máa kan ẹrẹ̀.

Yanrìn náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ní etí odò kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí obìnrin tó fi ẹ̀yìn sí omi odò tó rú, tó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, tó fi ọwọ́ gbẹ́ ihò kékeré kan tí kò jìn ju ìgúnpá lọ. Á fi igbá gbọ́n omi àkọ́kọ́ dànù nítorí pé ó ní ìdọ̀tí, á dúró kí omi mìíràn sun, á tún gbọ́n ìyẹn náà dànù. Ẹ̀kẹta ni yóò bu sínú ìkòkò, nítorí pé ó ti mọ́. Yanrìn dà bí asẹ́ láàrin odò àti omi mímu. Níbi tí wọ́n bá ti kó o tán dé orí amọ̀ tàbí àpáta, kò sí ibi tí obìnrin yẹn lè gbẹ́ mọ́. Omi odò bó ṣe rí ni yóò bù.

Bí a bá gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ṣé ọ̀rọ̀ náà kò parí?

Ó lè ran àwọn tó bá lágbára rẹ̀ lọ́wọ́. Lórí àpáta bíi tiwa, bọ́ọ̀hóòlù gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí àpáta ti sán kí ó tó rí omi, a sì máa ń rí èyí tí wọ́n gbẹ́ jìn tí kò pọn omi rárá. Ó ń gba owó iná tàbí ti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Kò tọ́ kí a sọ fún abúlé tó ní kànga tó dára tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa fi owó ra ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ewu tó wà nínú àwọn ihò tí wọ́n fi sílẹ̀?

Omi máa ń dúró sínú wọn. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ń yé sí i. Bí koríko bá hù sí etí rẹ̀, àwọn ìgbín omi kéékèèké á máa gbé ibẹ̀, àwọn ló sì ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, tí ń gba awọ ara wọ inú ẹni tó bá wẹ̀ tàbí tó fọṣọ níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ praziquantel wà.

Àwọn ọmọdé tún máa ń rì sínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Etí odò tí wọ́n mọ̀ pé ó tẹ́ ní ọdún tó kọjá ti di ọ̀gbun lábẹ́ omi rírú, kò sì sí àmì kankan. Ẹni tó bá wà á ló yẹ kí ó dí i. Bí kò bá tíì dí i, kí ó fi igi sọgbà yí i ká, kí àwọn òbí sì kìlọ̀ fún ọmọ wọn, kí wọ́n mú wọn dé ibẹ̀ kí wọ́n fi ibi tó jìn hàn wọ́n.

Kí ló kan afárá àti oko tó wà lókè odò?

Ó kàn wọ́n gidigidi. Nígbà tí omi bá dé etí ihò jíjìn, á máa já sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, á sì máa jẹ etí ihò náà lọ sẹ́yìn, sí apá òkè odò. Bèbè á máa ya, igi etí odò á máa wó, oko ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó tó wà létí omi á máa dínkù láìsí ẹni tó fi ọkọ́ kàn án. Omi tó ti fi yanrìn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ihò yóò tún máa jẹ ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀.

Ní ti afárá, ilẹ̀ tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni yóò máa ṣí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2001, afárá Hintze Ribeiro lórí odò Douro ní Pọ́túgà wó lálẹ́ nígbà tí omi kún, ènìyàn 59 sì kú. Yanrìn tí wọ́n ti ń kó nínú odò náà fún ọdún púpọ̀ wà lára ohun tó fà á. Bí ẹ bá rí i pé ìpìlẹ̀ afárá tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń hàn síta, ẹ má ṣe dúró de ìpàdé tó kàn kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹja ńkọ́?

Ẹja ń dínkù níbi tí omi bá ti ń rú nígbà gbogbo. Amọ̀ ń dí ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí, ó ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn dé ọ̀dọ̀ ewé inú omi tí àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣé ohun kan náà ni kọ́ári òkúta ń fà?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé típà kan náà lè gbé ọjà méjèèjì. Ní kọ́ári, wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí gírànáìtì. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí ènìyàn bá fà á símú fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń balẹ̀ sórí òrùlé tí a ti ń gbe omi òjò. Ilé lè sán. Ìbúgbàù lè yí ojú ọ̀nà omi padà lára àpáta, kí kànga kan gbẹ, kí omi òmíràn máa rú.

Ohun abúgbàù tí wọ́n ń lò jù lọ ní àmóníọ̀mù nitrate nínú, ìyókù rẹ̀ sì lè bá omi òjò wọ inú ilẹ̀. Ìwọ̀n tí ìlànà Nàìjíríà gbà láyè fún nitrate nínú omi mímu ni mílígírámù 50 nínú lítà kan. Ó léwu jù fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po oúnjẹ fún, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn dáadáa. Gbígbé omi ka iná kò ràn án. Omi ń dínkù, nitrate ń ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ilé ìyàgbẹ́ àti ajílẹ̀ náà ń fa nitrate, nítorí náà kí ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó di ẹ̀bi ru kọ́ári.

Ta ló ni yanrìn odò? Bí ọmọ onílẹ̀ bá ti gbà, ṣé kò ti tán?

Kò tán. Òfin ohun àlùmọ́nì àti ìwakùsà ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì ka yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí a ń fi ìwé àṣẹ kọ́ári wà. Ìwé àṣẹ náà kì í kọjá ọdún 5 kí wọ́n tó tún un ṣe, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 5 lọ. Òfin kan náà kò gba ìwakùsà láyè nínú ìlú àti abúlé, ní ọjà, ní itẹ́ òkú, tàbí ní ibi òrìṣà.

Owó tí ọmọ onílẹ̀ gbà, tàbí rìsíìtì tí ìjọba ìbílẹ̀ já fún awakọ̀ típà, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Bí ẹnì kan bá fi rìsíìtì hàn yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ wo orúkọ, ọjọ́ àti ibi tó kọ sínú rẹ̀.

Kí ni ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú. Òfin ọdún 2007 pàṣẹ pé kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe é kí ó tó fi ọkọ́ kanlẹ̀. Àwọn ìlú sábà máa ń béèrè gbọ̀ngàn tàbí owó ọdún. Ọba àti àwọn ìjòyè á fọwọ́ sí i, ó parí. Èrò tiwa ni pé kí omi ṣáájú gbọ̀ngàn. Kí àdéhùn náà sọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìn mọ, oṣù tí wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí afárá àti ibi tí a ti ń pọnmi, ẹni tí yóò dí ihò, àti ẹni tí yóò san owó àyẹ̀wò omi. Kí àwọn obìnrin tí ń pọnmi wà nínú ìpàdé náà, nítorí pé àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń mọ́ àti ìgbà tó ń rú.

Ti àyẹ̀wò ipa lórí àyíká náà wà. Òfin rẹ̀ ti ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan fún kọ́ári tó bá wà láàrin kìlómítà 3 sí ibi tí ènìyàn ń gbé, àti fún wíwa yanrìn lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 50. Ibi tí àlàfo wà nìyí: ogún ènìyàn lè wà á lórí ogún ilẹ̀ kéékèèké létí odò kan náà, kí ọ̀kankan wọn má tó ìwọ̀n náà, kí gbogbo wọn sì pa odò pọ̀. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa wọn odò lápapọ̀, kí ó má wo ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan.

Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń wà á, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jókòó sílé ni?

A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn láti orí òkìtì tí ìkún omi gbé wá, tí kò gbẹ́ kọjá ojú omi ẹ̀ẹ̀rùn, kò ṣe odò ní ibi púpọ̀. Ó lè ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn lọ́sàn-án lóru láti ibú ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí aláṣẹ bá dé, àwọn ọmọ tó ní garawa ni wọ́n máa ń lé, olówó ẹ̀rọ á sì ti gba ibòmíràn wọlé.

Yíyan lè wà láàrin kí a fi òfin de gbogbo rẹ̀ àti kí a fi sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà ṣe òfin kan ní ọdún 2001 láti dáàbò bo bèbè odò àti láti ṣàkóso yanrìn kíkó, tó fi ọ̀rọ̀ ibi tí a lè wà àti ìwọ̀n tí a lè kó sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò. Wọ́n ṣì ń bá àwọn olè yanrìn jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìwọ̀n wà tí wọ́n lè fi mú ẹni tó bá kọjá rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè fi hàn pé wíwa yanrìn ló ba omi wa jẹ́, tí kì í ṣe ọ̀dá tàbí ìdọ̀tí ìlú?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i kọ nǹkan sílẹ̀ ṣáájú kí ìjà tó dé. Ẹ mú kànga bíi márùn-ún, díẹ̀ nítòsí odò, díẹ̀ lọ́nà jíjìn, ẹ ta kókó sára okùn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wọn ibi tí omi dé ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà. Bí ọ̀dá bá ni, gbogbo kànga á jọ sọ̀. Bí odò bá ni, èyí tó sún mọ́ ọn yóò ṣáájú.

Ní ti ìrú omi, ẹ bu omi sínú ìgò funfun láti òkè ibi iṣẹ́ àti láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sára rẹ̀, ẹ ya àwòrán méjèèjì pọ̀. Ẹ tún ṣe é ní ọjọ́ tí wọn kò ṣiṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì fún odò Àlà pàápàá, nítorí pé ó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, ìdọ̀tí ilé àti ti ọjà sì ti ń wọ inú rẹ̀. Láìsí omi apá òkè láti fi wé e, ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn yóò ní ìlú ló bà á jẹ́. Bí owó bá wà fún ilé àyẹ̀wò, ẹ ní kí wọ́n wo ìrú omi, kòkòrò inú ìgbẹ́, nitrate àti epo.

Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró lónìí, ìgbà wo ni odò yóò bọ̀ sípò?

Ìrú omi ló ń tètè lọ: bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, omi lè tòrò láàrin ọjọ́ díẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí òjò kò bá tún un rú. Ìsàlẹ̀ odò kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ihò kò bá jìn, tí kò sì sí dáàmù lókè, ìkún omi ọdún díẹ̀ lè dí i. Níbi tí wọ́n bá ti kó yanrìn dé orí àpáta, tàbí tí dáàmù ń dá yanrìn dúró lókè, ó lè gba ìran ènìyàn kan, kànga tó gbẹ sì lè má bọ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó wà nírú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn dúró de odò. Kí wọ́n gbin igi àti koríko padà sí bèbè, kí wọ́n lé típà kúrò ní ojú ọ̀nà omi, kí wọ́n sì béèrè orísun omi mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ èrè iṣẹ́ náà nísinsìnyí, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé àṣẹ.